Kẹ̀kẹ́ Tí A Gùn Wọ Oko Bàbá Rẹ

                                        Ilé Kejì sí Ilé Fadá,
                                        Òpópónà Ìjọ Àgùdà,
                                        Aládé-Ìdánrè,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        16 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ẹwàolúwa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ilẹ̀ Jámánì ńkọ́, ṣé kò tíì máa gé ọ létí jẹ? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àdúràọlá ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ àbí èdè bàbá rẹ̀ nìkan ló ṣì ń sọ? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo rí àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Mo rí ọ lórí kẹ̀kẹ́, mo rí àwọn òkè kéékèèké tó rọra ń dìde bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí o làágùn, odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ààfin àtijọ́ tí kò ní òrùlé mọ́, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí o ní ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún. Èyí tí o ti jókòó sórí ògiri ilé ọba ọlọ́ba tí ò ń jẹ búrẹ́dì pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà náà.

Èmi wà láàyè. Ignatius ọkọ mi náà wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já jù. Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò kọ ọ́ sórí WhatsApp, nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí o bá ka ìlà méjì péré, o ó ti máa pè mí, o ó ti máa sunkún, mi ò sì ní lè sọ ọ́ tán. Àbúrò ọ̀gá ilé-ìwé wa tó ń padà sí Frankfurt ló ní òun máa bá mi fi í ránṣẹ́ sí ọ láti ọ̀hún. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí.

Wọ́n sọ fún ọ pé bàbá rẹ lọ sí Òfòsù, pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀. Irọ́ ni. Prosper àbúrò rẹ ló pa á, ó sì bẹ̀ mí kí n bá òun pa á. Bàbá wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé òun ló ṣá ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi. O mọ ohun tí Ignatius ń fi ọwọ́ yẹn ṣe. Dókítà eyín ni. Ìdajì Àkúrẹ́ ló ti la ẹnu fún ọwọ́ yẹn. O ó sì rí i pé mo ń pe bàbá rẹ ní "ó" nínú lẹ́tà yìí. Kì í ṣe pé ilé tí mo ti jáde kò kọ́ mi. Ọwọ́ mi ló kọ̀ láti kọ "wọ́n".

Kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ dé láìfarapa, pẹ̀lú àṣíborí, awò dúdú àti aṣọ tí a ń fà bo imú nítorí eruku. O ní kí a bá ọ yẹ ọ̀nà wò, pé bí o bá dé lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ ń gun kẹ̀kẹ́, inú oko kòkó lẹ ó gbà láti Aládé dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹ ó gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, ẹ ó sì gun àtẹ̀gùn lọ wo ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ tó wà lókè. Èrò náà dùn mọ́ mi. Lówùúrọ̀ Sátidé kan, èmi àti Ignatius wọ gbogbo ohun tí o fi ránṣẹ́, a sì gbéra.

Ẹwà, ó dùn! Mi ò ní jẹ́ kí ìbínú pa ìyẹn rẹ́. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa, àwọn ọlọ́kadà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá kan ní kí n tètè sọ̀ kalẹ̀ kí ilé ọmọ mi má baà yẹ̀. Ignatius tó máa ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́ ń pariwo bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní họlidé. Nígbà tí a fi títì sílẹ̀ tí a wọ ọ̀nà oko, afẹ́fẹ́ tutù, ewé kòkó bo gbogbo ilẹ̀, àpáta ń yọjú lókè igi níwájú wa. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí Jámánì lọ sùn.

Ohun tí kò yẹ kí a gbàgbé la gbàgbé, àwa méjèèjì tí wọ́n bí sí àárín àgbẹ̀. O mọ̀ pé ẹni tó bá ń gba ẹ̀bá oko olóko kọjá, láti òkèèrè ni yóò ti gbóhùn sókè pé "Ẹ kú uṣẹ́ o," yóò sì dúró kí wọ́n dá a lóhùn kó tó kọjá. Ohun tí a fi ń mọ ẹni tí kò bá ibi wá nìyẹn. Ẹni tó bá kọjá láìkí, olè ni, tàbí ohun tó burú ju olè lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ní àyè láti kí ènìyàn. Àwa wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kẹ̀kẹ́ kò dún, ó kàn ń já lọ ni, gbogbo ọkàn mi sì wà lára bíréèkì. Mo rí àwọn ènìyàn lábẹ́ igi tí wọ́n jókòó yí òkìtì kòkó ká, tí wọ́n ń fọ́ ọ. A kọjá lára wọn fìà. Kò sí ẹni tó la ẹnu nínú wa. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé oko Bàbá ni, nítorí ẹ̀yìn oko la gbà wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọ̀nà tí èmi àti ìwọ máa ń gbà nígbà kékeré.

A kò sì mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, olè ti wọ oko tó kángun sí tiyín. Ọ̀kadà ni wọ́n gbé wá, wọ́n faṣọ bo imú. Wọ́n kó kòkó tútù tí wọ́n bò sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi àdá la orí lébìrà tó ń ṣọ́ ọ. Ọkùnrin náà kú kí wọ́n tó gbé e dé Aládé. Bàbá wà lára àwọn tó gbé e, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta sí i láṣọ.

Ọ̀nà náà parí sétí odò, afárá ti já, la bá yí padà. Bí a ṣe ń tẹ kẹ̀kẹ́ gun òkè bọ̀, igi kan fò jáde láti inú igbó, ó wọ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ Ignatius. Ó ta sókè, ó fàyà balẹ̀. Kó tó dìde, wọ́n ti bò ó. Kóńdó, ìdí àdá, bàtà, ohun tó bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń lù ú. Mo ń gbọ́ bí igi ṣe ń dún lára ọkọ mi, ìró yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ẹnìkan gbá mi létí, mo ṣubú lu igi kòkó. Mo dìde, mo gé apá rẹ̀ jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n fi ìdí àdá lù mí lẹ́yìn, wọ́n sì tẹ orí mi mọ́ ilẹ̀.

"Àwọn tó pa lébìrà nìyí!"

"Wọn ò kí èèyàn! Ṣé ẹ rí i pé wọn ò kí èèyàn!"

"Ẹ yọ táyà kẹ̀kẹ́ yẹn! Ẹ lọ fa pẹtiróòlù lára ọ̀kadà, abeg!"

Táyà kẹ̀kẹ́ tí ìwọ fi ránṣẹ́ sí wa ni wọ́n ń wí. Mo rí ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ tó ń fi ẹnu àdá yọ ọ́, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ iṣu.

Ignatius kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹnu rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti ṣí àṣíborí kí wọ́n lè rí ojú òun. Bàbá dúró lé e lórí pẹ̀lú àdá. Ó rò pé ìbọn ni ọwọ́ náà ń wá. Ojú àdá ló fi ṣá a, kì í ṣe ìdí. Ó wọ àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e, ó sì lọ títí dé ọrùn ọwọ́. Ìgbà tó gbé àdá náà sókè lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó rí ojú rẹ̀ dáadáa. Mi ò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo pariwo pé, "Bàbá Ẹwà, ẹ kú uṣẹ́ o! Ẹ kú uṣẹ́ o!"

Ẹnu rẹ̀ dá mi lóhùn kí orí rẹ̀ tó mọ̀. "Ooo, ẹ káàbọ̀ o." Àdá wà lókè, ó ń kí mi káàbọ̀!

Ó wá wò mí. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Catherine? Yéè! Ọmọ mi ni! Ẹ dúró, ọmọ mi ni!" Wọn kò gbọ́, ìbínú ti ru bò wọ́n lójú. Bàbá bá da ara rẹ̀ lé Ignatius, ó na gbogbo ara bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń lu òun náà. Kóńdó kan bà á lẹ́nu, mo gbọ́ nígbà tí eyín rẹ̀ kán. Kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tí wọ́n ń lù ni wọ́n tó ju igi sílẹ̀ tí wọ́n sì fọ́n ká.

Mọ́tò tó ń kó kòkó ló gbé wa dé Àkúrẹ́. Wọ́n rán ọwọ́ náà, wọ́n ní kí a máa wò ó. Àwọn yòókù sá lọ, ṣùgbọ́n Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní òun lòun ṣá a. Àwọn ẹbí yín wá dọ̀bálẹ̀ sí pálọ̀ mi, wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni. Mo ní èṣù kò ní oko kòkó ní Aládé. Mo lé wọn jáde, mo sì ju iṣu tí wọ́n gbé wá tẹ̀lé wọn.

Ìgbà tó yá, Prosper nìkan padà wá. Ó ní Bàbá kò jẹun mọ́. Eyín tó kán náà ti kẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ti wú, ibà ti gbé e dè. Wọ́n mú nọ́ọ̀sì wá, ó kọ̀. Ó ní àfi bí wọ́n bá sọ fún òun pé ọwọ́ tí òun ṣá yóò ṣiṣẹ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnu òun. Mo ní kó kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, Ẹwà, lójú ọmọ rẹ̀, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn mí. Ignatius gbọ́ láti inú yàrá. Ó ní kí n gbé àpò iṣẹ́ òun.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n mú Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò gbójú sókè. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì.

"Dókítà, ẹ ṣá tèmi náà."

"Bàbá, ẹ la ẹnu."

"Ṣé yóò ṣiṣẹ́?"

"Ẹ la ẹnu, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

Ó la ẹnu. Ignatius fi ọwọ́ òsì fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Ó tú báńdéèjì ọwọ́ ọ̀tún, ó fi mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín. Ẹ̀mú bọ́. Ọlọ́pàá kan bá a ṣà á. Ó tún bọ́. Ó fi ọwọ́ òsì di àwọn ìka náà mọ́ ọn, ó fún wọn pọ̀ títí òógùn fi bò ó lójú, ó tún bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá rẹ wà pẹ̀lú ẹnu lílà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ yẹn, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ignatius bá gbé ẹ̀mú lé èmi lọ́wọ́. "Dì í mú nísàlẹ̀. Má fà á. Yí i." Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ ọmọ, mi ò yọ eyín rí láyé mi. Mo fẹsẹ̀ ti bẹ́ǹṣì, mo dì í mú, mo yí i. Mo yí i ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ̀jẹ̀ àti ọyún dà sí mi lọ́wọ́. Bàbá rẹ di apá mi mú, kò ké. Eyín náà jáde.

Ó ti ń jẹun báyìí, kò ní kú. Ọwọ́ Ignatius kò ní mú ẹ̀mú mọ́. Gbogbo wa la jọ rí i. Ó ti sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun kò bá Bàbá ṣẹjọ́, ó sì wá lọ sùn títí di ọjọ́ kejì. Èmi kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Má mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá. Ìwọ nìkan ni kí o wá, kí o sì tètè wá.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fi ẹnu ko Àdúràọlá lẹ́nu fún mi. Màmá rẹ ń kí ọ, ara wọn le, mo ń yà sọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́. Prosper náà ń kí ọ, má bínú sí i jù. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá dé, má kúnlẹ̀ fún mi. Bí o bá kúnlẹ̀, n ó dárí ji Bàbá, mi ò sì tíì fẹ́.

                                        Ẹni tí ẹ jọ dàgbà ni mí síbẹ̀,
                                        Catherine.