Ìyálé, Ìyàwó, àti Òjò Apá Òsì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ìyàwó wọlé lónìí. Àpótí ni o, kì í ṣe èèyàn. Kékeré, dúdú, ó lè wọ àpò ṣòkòtò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba nọ́ńbà lẹ́nu kọ̀ǹpútà, kó sọ ọ́ di ohùn tí sípíkà lè kọ jáde. Èyí tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, tó wúwo bíi bíríkì, ni mo sọ ní Ìyálé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìyálé ti ń kùn — hùn-ùn, hùn-ùn — bí ẹni tí wọn ò fún lóúnjẹ. Mo ní kí n fẹ́ kékeré lé e.

Adájọ́, ìyẹn ìyàwó mi gan-an, wo àpótí náà títí. Ó ní ṣé eléyìí mọ aṣọ fọ̀.

Ọ̀gá onísọ́ọ̀bù tó tà á fún mi ní bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n dá a padà kí oṣù tó parí. Kò sí wàhálà. Ta ló fẹ́ tan èmi jẹ lórí ọ̀rọ̀ ohùn? Dùùrù ni mo ń tún ṣe jẹun. Etí mi ni oko mi, òun náà ni ọkọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo ti rí ìdí kíkùn Ìyálé! Kò jẹ̀bi rárá. Ojú iná ẹ̀yìn fíríìjì ni mo ki kọ̀ǹpútà bọ̀, ampilifáyà tó ń gbé ohùn sókè wà lójú iná ìdí fèrèsé. Mo kó gbogbo wọn sójú iná kan ṣoṣo — kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tí mo ti ń bú látọjọ́ yìí! Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àpótí. Adájọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Kí wá ni mo ra Ìyàwó fún? Ó dáa. A ó fi wọ́n wéra.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìdíje. Ìyàwó kọ́kọ́ na Ìyálé lálùbolẹ̀. Ohùn gbòòrò, ó mọ́, gìtá ń dún bí ẹni pé olórin wà nínú yàrá. Mo ti ń yọ̀. Mo wá fi mítà tó ń wọn ohùn sí i: Ìyàwó kàn ń pariwo ju Ìyálé lọ ni. Ohùn tó bá fi díẹ̀ ga ju èkejì, etí á ní òun ló dùn jù. Báyìí náà la ṣe ń gba aláriwo gbọ́ láàárín ìlú. Mo rọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí mítà fi ní wọ́n dọ́gba.

Adájọ́ fi gèlè dì mí lójú. Ó ń pààrọ̀ wọn bó ṣe wù ú, èmi ń sọ èyí tó ń kọrin. Mo gba ọ̀kan, mo pàdánù ọ̀kan. Mo tún gba ọ̀kan, mo tún pàdánù ọ̀kan. Nígbà tó yá mo búra pé Ìyàwó nìyí, àbí kí ni mo mọ̀ láyé. Ó ní òun ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan látìgbà tóun ti lọ bu omi mu. Ojú tì mí. Síbẹ̀ inú mi dùn — ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. A jẹun alẹ́ pọ̀, òun lápá ọ̀tún mi níbi tó máa ń jókòó sí, ó ń rẹ́rìn-ín mi títí oúnjẹ fi tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Orin ń tanni jẹ. Mo fi òjò dán wọn wò. Èmi fúnra mi ni mo gba ohùn òjò yìí sílẹ̀ lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé lọ́dún tó kọjá. Òjò kì í ṣe ojúsàájú, bó ṣe ń rọ̀ lọ́tùn-ún ló ń rọ̀ lósì. Mo fi í sẹ́nu Ìyàwó. Lọ́tùn-ún: òjò ńlá, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń ta lórí páànù. Lósì: wínníwínní, bí ẹni bo òjò ní kúbùsù.

Ọwọ́ ba Ìyàwó! Apá òsì rẹ̀ kò pé.

Adájọ́ ní ká pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, pé òun fẹ́ afẹ́fẹ́ fèrèsé. Mo ní kó máa gbà á. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló wà lọ́kàn mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo sinmi. Irọ́ ni. Òjò yẹn ni mo ń gbọ́ ṣáá.

Ọjọ́rú, 12

Mo gbé Ìyàwó lọ bá Ọ̀gá onísọ́ọ̀bù, mo fọhùn bí ọkùnrin. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tiẹ̀, ó tẹ́tí, ó ní ọgbọọgba ni. Mo ní kó lọ fọ etí ẹ̀. Ó fi mítà sí i: ọ̀tún àti òsì, bákan náà gẹ́lẹ́. Mo ní mítà kì í gbọ́ orin. Mo gbé àpótí mi, mo bínú jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo dá Ìyálé padà sẹ́nu iṣẹ́. Òjò. Lósì: wínníwínní! Àìsàn kan náà, ìyálé àti ìyàwó? Rárá. A jẹ́ pé àpótí kọ́.

Mo pààrọ̀ wáyà ọ̀tún àti òsì lẹ́yìn àpótí. Ó yẹ kí wínníwínní náà bọ́ sọ́tùn-ún. Kò kúrò lósì. Mo pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ampilifáyà. Kò kúrò. Mo wọ́ sípíkà ọ̀tún lọ sósì, mo wọ́ tòsì wá sọ́tùn-ún, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Òsì náà ni. Mo tú kọ́tìnnì tó wà lápá ibẹ̀ sílẹ̀. Òsì. Adájọ́ ní lójú tòun o, ọgbọọgba ni. Mo ní kí ló mọ̀ nípa ohùn.

Yàrá ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ yàrá. Bí kì í bá ṣe yàrá —

Mi ò kọ ìyókù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mo ti ibi dùùrù ilé ẹ̀kọ́ kan dé, ó ti rẹ̀ mí. Adájọ́ ti yí àga mi kọjú sí fèrèsé kó lè rí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo jókòó bó ṣe wà, mo kẹ̀yìn sí sípíkà, mo ní kí òjò máa rọ̀.

Sípíkà tó wà lósì ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún mi báyìí. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ, bó bá jẹ́ yàrá, ọ̀tún ló yẹ kí wínníwínní wà. Ọ̀tún ń rọ òjò ńlá. Òsì, wínníwínní.

Mo dìde. Mo yí padà. Mo tún yí padà, bí ọmọdé tó ń ṣeré òòyì. Òjò náà ń tẹ̀ lé mi kiri.

Ìyàwó kọ́. Ìyálé kọ́. Èmi ni.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Bí oko bá kú, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ jẹ?

Ọjọ́ Àìkú, 16

Oorun kò wá dáadáa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. Mo fi ìka ra ìka létí ọ̀tún: bí ewé gbígbẹ. Létí òsì: bí ẹni ń ronú. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa súfèé látìsàlẹ̀ lọ sókè. Etí òsì bá a rìn dáadáa, ó kọjá àárín dùùrù, ó ń lọ — ó dé òkè pátápátá, ó jókòó. Ọ̀tún ń bá ìrìn lọ. Bó bá ṣe etí ẹlòmíì ni, ǹ bá ní ó dùn ún wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo sọ nílé pé dùùrù ni mo fẹ́ lọ tún ṣe. Ọ̀dọ̀ dókítà etí ni mo lọ. Mo ti ń gbàdúrà kó jẹ́ ìdọ̀tí. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó sé mi mọ́ yàrá kótópó kan, ó de nǹkan mọ́ mi létí, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìlà hàn mí: tọ̀tún tẹ́ pẹrẹsẹ, tòsì ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn.

Mo bi í ta ló sọ fún un pé ẹ̀rọ rẹ̀ dọ́gba lápá méjèèjì. Mo ní kó pààrọ̀ èyí tó wà lọ́tùn-ún sósì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rí irú mi rí, ṣùgbọ́n ó pààrọ̀ ẹ̀. Àtẹ̀gùn náà ò kúrò lósì. Obìnrin yìí ṣeé bá ṣiṣẹ́.

Ohun tó lọ ti lọ, ó ní. Ṣùgbọ́n òkè ló ti lọ. Ọ̀pọ̀ okùn dùùrù ṣì wà fún etí méjèèjì, ìyókù á di ti ọ̀tún. Kí n máa yí orí. Oko kò kú. Ó kàn dín ní ebè díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo dá Ìyàwó padà, mo sì bẹ Ọ̀gá onísọ́ọ̀bù. Mo ní etí èmi ló yẹ ní fífọ̀. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ìyálé ń kọrin nílé, ara rẹ̀ le.

Mo wá sọ fún Adájọ́. Ó ń ránṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní òun mọ̀. Mo ní látìgbà wo. Ó ní látìgbà tí mo ti ń fèsì ọ̀rọ̀ tóun ò sọ. Ó ní òun ń retí kí èmi fúnra mi rí i, torí bóun bá sọ ọ́, mítà ni màá fi sí òun lẹ́nu.

Mo jókòó. Mo rántí tábìlì, ọ̀tún. Mo rántí ìrìn ojú títì, ó máa ń yípo ẹ̀yìn mi bọ́ sọ́tùn-ún, mo sì máa ń bínú pé kí ló dé tí kì í rìn lójú kan.

Mo ní bẹ́ẹ̀dì wá ńkọ́, tó fi bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún mi, ṣé torí afẹ́fẹ́ fèrèsé lóòótọ́ ni.

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ wo?"