Ọ́ìlì Ìlú Òtútù

Ọkọ mi kékeré,

Gbogbo ilé ní kí n kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ọkọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ láti London ti sú mi! Nọ́ńbà 10W ni, ti ìgbà òtútù, tó ń ṣàn bí omi. Nọ́ńbà 40 tó ki ni ọkọ̀ wa ń mu nínú ooru Adó. Ẹ̀gbọ́n yín ṣáà dà á sí i; lánàá, lọ́nà Ìgèdè, ẹ́ńjìnnì ń dún kọ-kọ-kọ. Mẹkáníìkì ní ká dà á nù. Ẹ̀gbọ́n yín ní òun ò ní da ẹ̀bùn àbúrò òun nù láéláé. Agolo rẹ̀ tó ti ṣófo wà ní pálọ̀, ó ń fi í han àlejò!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i pé kó dà á nù. Olúwa á bò yín nínú òtútù ibẹ̀. Ẹ sì máa bọ̀ wálé, ọkọ mi. Ọ́ìlì yẹn nìkan ni ẹ̀gbọ́n yín rí dì mú nípò yín.

Ìyàwó yín,
Mosúnmọ́lá