Bí A Ṣe Ṣọ̀fọ̀ Àna Tí Kò Sí

Bùsáyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ káàárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni ìwé yìí bá ọ, mo kí ọ káalẹ́ bó bá jẹ́ alẹ́ ni. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Dópẹ́mù? Ṣé ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ṣì ń gbé yín lọ sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì ní Ìlúpéjú, ṣé wọn kì í fi yín sílẹ̀ sójú ọ̀nà? Ọlọ́run tó ń sìn ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ni yóò máa sìn ọ́ bọ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, abo ni méjèèjì, òjò sì dára, iṣu ta. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń dùn mí látìgbà tí mo ti sáré nítorí rẹ, ohun tó fa eré náà ni mo sì fi ń kọ ìwé yìí. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, n ò jẹ́ kí Tíṣà Job bá mi kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìtìjú wà nínú rẹ̀, Job sì ti fi mí rẹ́rìn-ín tó.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o pe ìyá rẹ, tí o ní àwọn èèyàn mẹ́ta kan fẹ́ wò ọ́ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ọgbà kí wọ́n tó sọ bóyá wọ́n á gbà ọ́? O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ nítorí àpá iná tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, o ní ojú gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó kù ló ń dán, o sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ mọ́. Kí o tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ gbà ọ́ sí, fóònù kú. Èmi àti ìyá rẹ jókòó, a rò ó. Ta ló máa ń wo ọmọbìnrin kí wọ́n tó gbà á, bí kì í bá ṣe ẹbí ọkọ? Inú mi dùn díẹ̀, inú sì bí mi díẹ̀, nítorí ilé baba ọmọ ni wọ́n ti ń wo ọmọ, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹbí tó bá torí àpá iná kọ ọmọ mi, kí wọ́n máa lọ, n ò ní bẹ̀ wọ́n.

Kò pẹ́ sí i ni Job wọlé pé o ti fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù òun kí òun fi hàn wá, ohùn tí o gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ sì tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí ohùn náà wọlé. A wo fídíò. Ọmọ mi, ohun tí mo rí! O dúró níwájú ilẹ̀kùn kan, o tú gèlè rẹ, o jù ú sílẹ̀, o kúnlẹ̀, o ń sunkún, o ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ, o ní àná lo sin ọkọ rẹ, ẹbí rẹ̀ sì ti tì ọ́ síta. Mo ní kí Job yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè rí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá àwọn èèyàn náà wí fúnra mi, nítorí mo rí wọn, wọ́n jókòó sídìí tábìlì, obìnrin kan ń kọ nǹkan, ọkùnrin kan ń mu omi inú ike, kò sí ẹni tó dìde láti gbé ọ nílẹ̀. Mo bú onímu-omi yẹn dáadáa. Mo ní ọmọ mi ń sunkún, òùngbẹ ló ń gbẹ ìwọ. Ó tún gbé ike sẹ́nu. Bí o ṣe sunkún tán, wọ́n pàtẹ́wọ́! Àna ń pàtẹ́wọ́ fún opó! Ìwọ náà wá dìde, o gbọn aṣọ rẹ, o rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìyá rẹ figbe ta pé ìbànújẹ́ ti da orí ọmọ òun rú.

A pè ọ́, fóònù rẹ kò lọ. Ni mo bá ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, olórí ẹbí. Ó wo fídíò, ó mí kanlẹ̀, ó ní a kò lè ṣọ̀fọ̀ àna tí kò dọ̀bálẹ̀ fún wa rí. Ó ní ìdána dà? Ìyá rẹ ní kó lọ béèrè ìdána lọ́wọ́ òkú. Èmi ń bínú sí ọmọkùnrin náà pé ó gbé ọmọ mi níyàwó lẹ́yìn mi, bí mo bá sì ti bínú tán, mo á rántí pé ó ti kú, mo á ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo sunkún àna tí n ò mọ orúkọ rẹ̀. Níkẹyìn a fẹnu kò pé a dárí jì í, pé kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá mú ọ wálé, kí o wá ṣe opó lábẹ́ òrùlé baba rẹ. Ìyá rẹ di aṣọ dúdú sínú báàgì fún wa.

A ti wọ ọkọ̀ tán ní gáréèjì nígbà tí Job sáré dé, ó na fóònù sókè, ó ní ohùn rẹ ti wọlé. Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́ ọ. O ní wọ́n ti gbà ọ́, eré ìtàgé ni, ìwọ ni yóò ṣe opó nínú eré tí ẹ̀yin ará àdúgbò fẹ́ ṣe. O ní o ti ra páńkéèkì tí o fẹ́ fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n nígbà tó kàn ọ́, o wò ó pé obìnrin tó sin ọkọ lánàá kò ní ráyè kun ojú, o nù ún kúrò, o tú gèlè, o sì dúró gbọin níwájú wọn.

Bùsáyọ̀, mo sáré bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni orúnkún mi ti gbá irin, n ò tilẹ̀ mọ̀. Ara tù mí bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹrù igi kúrò lórí èèyàn. Mo ń pariwo pé n ò ní àna, n ò ní àna, ẹ bá mi dúpẹ́. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ ní òun ò rí bàbá tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí rí pé ọmọ rẹ̀ kò lọ́kọ.

Bá mi bẹ ọkùnrin olómi yẹn, sọ fún un pé mo ti kó èébú mi padà. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí a lè wá wo eré náà, èmi àti ìyá rẹ àti ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ó ti múra Èkó, ó ní dandan ni kí òun fojú ara òun rí ilẹ̀kùn yẹn. Fi í sórí fóònù Job, ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó fi í ránṣẹ́, má ṣe fi èyí tó ya sí i, obìnrin oní-POS tó wà ní oríta kì í gba owó tó ya.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí ọkàn wa balẹ̀ tán, ìyá rẹ ní kí Job tún gbé fídíò náà wá, òun fẹ́ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ṣe hàn sí àwọn èèyàn náà. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo? Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Èmi tí mo gbé ọ sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí àtùpà dà lé ọ, tí mo mọ àpá náà ju ìwọ gan-an lọ, mo wo fídíò yẹn àwòtúnwò, n kò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí i, Job kò rí i. Opó la rí.

Nítorí náà, ju páńkéèkì yẹn nù. Ojú kò ní tì ọ́ láyé, ibi tí o bá dúró sí, wọn ò ní lé ọ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ gidi bá sì dé, kó gba ilé wa wá, kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, kí Ọlọ́run sì jẹ́ kó dàgbà kó darúgbó, nítorí àwa ti sunkún tirẹ̀ sílẹ̀ tán.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ilésanmí