Ọkọ̀ Òyìnbó Tí Mo Fẹ́ Fi Owó Ìdána Rà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìjókòó ìdí òfì, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Láti Ọ̀tà tí mo wà yìí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún yín, àyà mi kan ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì ti kun ẹ̀wù mi. Ìyá mi, ẹ kú àmójútó. Ẹ̀gbọ́n mi Búráímọ̀, mo kí yín. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ń sọ fún àwọn èèyàn lọ́jà pé orí mi ti dàrú. Ẹ ṣeun tí ẹ kò sọ pé mi ò ní orí rárá. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ọmọ, láti orí ẹni tó ti ń wọ ṣòkòtò dé orí ẹni tí kò tíì mọ̀ pé ìhòòhò lòun wà.

Ìdí tí mo fi gbé lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn ni pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé. Awakọ̀ lọ́rì tó gbé aṣọ òfì yín wá sí Èkó ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé wọ́n ní mo ti ra ọkọ̀ òyìnbó. Ẹlòmíràn tó ti Ìsẹ́yìn dé ní ohun tí òun gbọ́ ni pé mo ti fẹ́ òyìnbó. Mo wá rò ó pé bí gbogbo ìlú bá ti jọ gbọ́ irọ́ náà, kò burú bí wọ́n bá jọ gbọ́ òótọ́ rẹ̀.

Bàbá, n kò ra ọkọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí n rà á, owó ìdána Sínátù ni mo sì fẹ́ fi rà á. Ó dára kí ẹ ti mọ èyí kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ẹ̀kọ́ tí ẹ fi aṣọ òfì rán mi lọ kọ́ ní Yábàá ni mo fi ń jẹun: mo ń bá ìjọba wọn ọ̀nà. Òyìnbó á na ọwọ́ sí igbó, èmi á fi okùn wọn igbó náà, àwọn lébìrà á gé e, ìjọba á sì kéde pé òun ti la ọ̀nà. Àgọ́ wa wà ní Sàngó, níbi tí ọ̀nà ti pín. Igbó ni ibẹ̀, ọ̀bọ ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. Òyìnbó wa máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan, ilé ẹ̀rọ ni yóò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. A máa ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí à ń fi dá gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lóhùn nìyẹn.

Òjò ibí kò jọ ti ilé. Ti ilé máa ń ṣú kí ó tó rọ̀. Tibí á ti lù yín lórí kí ẹ tó rí i pé ojú ọ̀run ti dúdú. Bí ó bá ti rọ̀ báyìí, iṣẹ́ dúró nìyẹn, kálukú á wọ inú àgọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni àárò ilé máa ń mú mi. Kò sí ẹni tí yóò bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Èmi náà ni mo máa ń bi ara mi, mo sì máa ń parọ́ fún ara mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà ni Sínátù, lọ́jọ́ tí mo gbé ṣòkòtò lọ fún bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀. Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá mọ ilé wọn. Ẹ sì rántí àdéhùn tí Bàbá Sínátù ṣe pẹ̀lú yín, pé ìdána gbọ́dọ̀ wáyé kí ààwẹ̀ tó wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníṣòwò kan wà ní Ìjù tó máa ń fi àgbò kí wọn ní gbogbo ọdún iléyá, wọn yóò sì dá a lóhùn.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí òyìnbó wa ní òun ń padà sí ìlú òun, òun sì fẹ́ ta ọkọ̀ òun.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ọkọ̀ náà fún yín bí mo bá lè ṣe é. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé kókó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Imú rẹ̀ gùn débi pé bí orí ọkọ̀ bá ti wọ Ọ̀tà, ẹni tó ń wà á ṣì wà lóko. Ó kéré sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè na ọwọ́ láti inú rẹ̀ kí ẹ ṣa òkúta lójú ọ̀nà. Kò ní òrùlé. Ìjókòó méjì péré ló ní. Ó ti gbó lóòótọ́: ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ òsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní tuntun, owó rẹ̀ tó kọ́ ilé l'Ékòó. Nísinsìnyí, iye tí òyìnbó ń pè é kò ju owó ìyàwó kan lọ, àní ìyàwó tèmi gan-an.

Ìdí tí kò fi lówó lórí ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ọlọ́kọ̀ èrò kan wá wò ó láti Ìtẹ̀lé. Ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó wá bi òyìnbó léèrè ibi tí wọ́n ń di iṣu sí. Òyìnbó ní kò sí irú ibẹ̀. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó wá fi sùúrù béèrè bóyá ìyókù ọkọ̀ náà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó lọ sí Yábàá. Mo ní wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọn kò bá sì ṣe mọ́, yóò gbówó lórí bó pẹ́ bó yá. Mo ní ìyàwó kì í lọ. Mo ní bí mo bá ra ọkọ̀ lónìí tí mo tà á fún àwọn lọ́yà Èkó lẹ́yìn ọdún díẹ̀, èrè rẹ̀ á gbé ìdána méjì. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Èmi náà gbọ́ ọ nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, òyìnbó ní kí n mú un lọ wà títí di ìrọ̀lẹ́, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ rà. Mo gbé e sórí ọ̀nà tuntun tí àwa fúnra wa da ọ̀dà sí. Bàbá, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo fi wọn ọ̀nà yẹn. Mo mọ ibi tí gbòǹgbò wà, mo mọ ibi tí èèrà ti bù mí jẹ. Mo ṣe bísímílà, mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó ṣe bísímílà náà tán, ẹ̀ẹ̀rùn mi ti wà lẹ́yìn mi.

Igi di ògiri. Fìlà mi fò lọ, n kò wẹ̀yìn. Atẹ́gùn ń fa omi lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan bí ẹni tí wọ́n ń fi ìka rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà ń wọlé láti abẹ́ ìdí, ó ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn gòkè. N kò tíì gbọ́ ọ rí kí nǹkan tí wọ́n fi irin ṣe máa yọ̀. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo pa á. Mo ní Ọlọ́run tóbi. Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ Ọ̀tà.

Ẹni tó wà nínú lọ́rì lè na ọwọ́ sí àgbà kó sì máa lọ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí kò lórùlé, tí ojú rẹ̀ sì bá orúnkún àgbà dọ́gba, kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Bàbá kan jókòó níwájú ilé àkọ́kọ́. Mo dúró, mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo wọlé padà. Ìyá méjì wà níwájú ilé kejì. Àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí ló wà lábẹ́ igi lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì béèrè ará ilé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó lè lé ẹṣin bá, adìẹ kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jẹun, ó sì tún padà bá mi níbi tí mo wà. Ìyá arúgbó kan fọwọ́ kan ọkọ̀ náà lórí, ó ní òun kò tíì rí ọkọ̀ tó lẹ́kọ̀ọ́ bí èyí, tó jẹ́ pé ó ti kúnlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àgbà.

Ìrètí mi ni pé màá gbé Sínátù jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé wọn, ìta gbangba ni mo ti sọ pé mo wá gbé ará ilé yìí jáde gbádùn, àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Ìjókòó kan ló ṣẹ́ kù. Ta ni ẹ rò pé yóò kọ́kọ́ jókòó? Bàbá Sínátù ti dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ló bá rántí pé ẹ̀gbọ́n òun wà nínú yàrá. Wọ́n gbé bàbá àgbà náà jáde. Mo gbé e dé ẹ̀yìn ìlú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irùngbọ̀n mú kí ó má baà lọ. Nígbà tí a padà dé, ó ní ṣé báyìí ni wọn yóò ṣe máa rìn ní àlùjáńnà. Mo ní n kò mọ̀, sà.

Ó kan Bàbá Sínátù. Ó kan ìyá rẹ̀, tó di ojú pọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, tó sì wá ròyìn gbogbo ohun tó rí fún àwọn aládùúgbò. Àwọn aládùúgbò náà kò sì kéré lọ́jọ́ orí. Sínátù dúró sí ẹnu ọ̀nà. Nígbàkígbà tó bá kàn án, ẹni tó jù ú lọ á ti ibì kan yọ, òun á sì kúnlẹ̀, á yà fún un.

Oòrùn ti ń lọ nígbà tí Bàbá Sínátù pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi sọ ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ojú rẹ̀ ṣì ń tàn yòò.

Ó ní, "Làmídì, rà á. Ìdána lè dúró."

Mo rán an létí oníṣòwò Ìjù.

Ó ní, "Àgbò ni tiẹ̀. Àgbò ń sáré ni?"

Bàbá, ẹ wò ó: ọ̀nà là fún mi. Ẹni tó lè dá mi dúró ti ní kí n máa lọ. N kò rò pé inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó kù kí n dá ọkọ̀ padà sí àgọ́. Sínátù bẹ bàbá rẹ̀ pé kí òun sìn mí dé ibẹ̀, kí a jọ fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó sì gbà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé, lẹ́yìn gbogbo Ọ̀tà. Ó ká gèlè rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó di okùn ilẹ̀kùn mú. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà ọlọ́dà, mo tẹ̀ ẹ́. Kò kígbe. Nígbà tó yá, mo dúró. Mo wò ó, mo rí i pé ohun tó ṣe mí ló ṣe é.

Ó ní, "Ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Nígbà tí a dé iwájú àgọ́, kò tètè sọ̀kalẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ra awọ ìjókòó náà.

Ó ní, "Bọ̀dá Làmídì, ọkọ̀ yìí tó owó tí wọ́n ń pè é. Ó tiẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí ibi tí mo jókòó yìí? Ní Ọ̀tà, kò sí ọjọ́ tí ẹni tó jù mí lọ kò ní dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹ bá rà á, ẹ̀yin àti bàbá mi lẹ ó jọ fẹ́ra yín."

Mo pa ọkọ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́. Mo lọ bá òyìnbó.

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. Òyìnbó béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, pé òun ni ohun tó dára jù tí mo tíì fọwọ́ kàn, pé ìjókòó kan ló dín. Ó ní méjì ló wà níbẹ̀, ti awakọ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, sà, níbo wá ni bàbá ìyàwó yóò jókòó? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ̀fẹ̀ mi ni òun yóò ṣàárò jù bí òun bá dé ìlú òun.

Dókítà kan láti Èkó ló rà á. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, ó kọjá níwájú wa níbi iṣẹ́. Mo sọ okùn ìwọ̀n sílẹ̀, àwọn lébìrà náà gbé ọkọ́ dúró, a sì ń wò ó títí eruku fi rọlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ní Ìsẹ́yìn bóyá ọkọ̀ náà tó ohun tí èèyàn ń fi owó rà: ó tó o. Kì í ṣe àlébù ni mo rí lára rẹ̀. Ó dùn mí, yóò sì máa dùn mí.

Bàbá Sínátù ni kò tíì dárí jì mí. Bó ṣe gba ìròyìn náà, bí ẹni gba ìròyìn òkú ni. Ó ti wá gbà pé kí ìdána wáyé kí ààwẹ̀ tó dé, ṣùgbọ́n ó ní òun kò fẹ́ rí ẹ̀yin àna òun pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Nítorí náà, Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba lọ́rì onípákó kan, kí gbogbo yín wọ̀ ọ́ wá. Owó náà wà lọ́wọ́ mi, mi ò fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, apá yín kò ní rọ lórí òfì. Ìyá mi, ẹ ó fọwọ́ yín gba ìyàwó yìí, ẹ ó sì fọwọ́ yín gbé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ rí ọ̀rọ̀ rere sọ nípa mi lọ́jà. Ẹ kí gbogbo agboolé, ẹ kí lèmọ́mù, ẹ kí ẹni tó bínú sí mi.

Sínátù ní kí n kí yín. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ bá ń mú òun lọ sílé, iwájú lọ́rì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ni òun fẹ́ jókòó. Mo sọ fún un pé ibẹ̀ kò tọ́ sí ẹlòmíràn ju ẹ̀yin lọ. Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi tètè ń bẹ̀ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Làmídì, láti Ọ̀tà.