Orin Tí Mo Gbé Wọlé ní Mowe

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2008

Oníbàárà kan gbàgbé fódà kan sórí kọ̀ǹpútà ní káfè íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ibafo. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga, ti ní ká máa pa irú ẹ̀ rẹ́. Mo kọ́kọ́ ṣí i wò ná — ojú mi kò lè gbélé láyé. Orin ni. Wọ́n kọ irú orin tí wọ́n jẹ́ sí wọn lára: gọ́ọ̀tì sí àwọn kan, dáàkìwéèfù sí òmíràn, pósìpọ́ǹkì sí ìyókù. N kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Gìtá kan ń rìn nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ilé tó ṣófo. Ẹ̀rọ ló ń lu ìlù ẹ̀, kò kánjú, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó jó. Ohùn ọkùnrin kan wá dìde láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tún gbọ́ ọ.

Mo ti kó gbogbo ẹ̀ sínú mẹ́mórì káàdì fóònù mi. Bí Dádì bá mọ̀, mo kú. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orin tí kò bá ti dárúkọ Jésù, ẹnu géètì ló ń dúró sí.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ní àwọn tí mo fẹ́ràn jù. Èdè Jámánì ni púpọ̀ nínú wọn, n kò lè pe orúkọ wọn, torí náà èmi fúnra mi ni mo sọ wọ́n lórúkọ. Ìyá Yìnyín — obìnrin kan tó ń kọrin bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tu òun nínú. Arọ, torí ìlù ẹ̀ ń tiro. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbogbo wọn ni Kànga. Ọkùnrin yẹn wà nínú kànga lóòótọ́, ọkàn mi ló sọ fún mi. Tó bá kọrin dé àárín, ó máa pa ọ̀rọ̀ tì, ó máa wá máa kùn nímú, dúúrù á máa tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Ibi ìkùn yẹn! Orí mi máa ń wú.

Kí ló dé tí mo fẹ́ràn ohun tó ń dẹ́rù bà mí? Bóyá torí pé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, dandan ni ayọ̀. Ẹni tí òkú kú fún pàápàá gbọ́dọ̀ jó dé iwájú. Àwọn tó ń kọ orin yìí kò jó dé ibì kankan.

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Màmá Ọbáfẹ́mi ká mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Dádì ni wọ́n, Ọ̀ṣunníkẹ́ lorúkọ wọn. Ọkọ wọn kú lẹ́nu àìpẹ́ yìí ní ìlú Ọbáfẹ́mi, àwọn ẹbí ọkọ sì ti àgádágodo mọ́ gbogbo yàrá ilé wọn. Ni Dádì bá kó wọn wá sọ́dọ̀ wa. Yàrá èmi àti àbúrò mi, Dárà, ni wọ́n ń sùn. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń gbọ́ tí mo fi ń dijú báyẹn. N kò lè purọ́ fún wọn. Mo ki ẹnu íápíìsì kan bọ̀ wọ́n létí. Kànga ló ń lọ lọ́wọ́.

Wọ́n gbọ́ ọ parí, wọn kò mira. Wọ́n ní, "Òkú ta ló ń sun?" Mo ní n kò mọ̀, èdè wọn kò yé mi. Wọ́n ní kí ni kò yé mi níbẹ̀. Wọ́n ní wọn kò tíì jẹ́ kí òun sunkún tó báyìí láti ìgbà tí ọkọ òun ti lọ.

Mọ́mì ni "wọn" yẹn. Mọ́mì ló sọ fún wọn lọ́jọ́ ìsìnkú pé onígbàgbọ́ kì í sunkún bíi ti aláìnírètí.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Màmá ń gbálẹ̀ àgbàlá láàárọ̀, wọ́n ń kun Kànga! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n yé é kùn.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Dárà. Àbúrò mi ń ṣàìsàn. Ara ẹ̀ gbóná láàárọ̀, nígbà tó di ọ̀sán gìrì gbé e. Ojú ẹ̀ yí sókè. Mọ́mì ń da òróró àdúrà sí i lórí, wọ́n ń pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù". Dádì gbé e sínú mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ibà ni, ó ti wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ti fi omi sí i lọ́wọ́.

Ibà ni. Mo mọ̀ pé ibà ni.

Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹ̀ ni mo jókòó sí lánàá tí mò ń gbọ́ Ìyá Yìnyín. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì — pé orin máa ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí òkùnkùn ńkọ́? Mo ti yọ káàdì yẹn nínú fóònù, mo sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì òfìfo.

Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Pásítọ̀ Dáníẹ́lì ti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sílé. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n wá ní nǹkan àjèjì kan ti wọ inú ilé yìí, ọwọ́ ẹni tó ń gbé inú ilé ló sì gbà wọlé. Tíréè mínírà wà lọ́wọ́ mi, àwọn ìgò ń lu ara wọn. Mo ní ó parí, èmi ni wọ́n máa nàka sí.

Mọ́mì ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ọ láràárọ̀, pé Àǹtí — Màmá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ — máa ń kun nǹkan kan ní àgbàlá, kò lọ́rọ̀ nínú, kì í ṣe orin Yorùbá, kì í ṣe tìjọ, pé bí àwọn bá ti gbọ́ ọ ara àwọn á bù máṣọ.

Pásítọ̀ béèrè orúkọ Àǹtí ní kíkún. Dádì dárúkọ. Gbogbo pálọ̀ wo ara wọn, àfi bí ẹni pé lónìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ obìnrin náà ní Ọ̀ṣunníkẹ́.

Wọ́n pe Màmá. Orin kí ni? Màmá ní, "Orin ẹkún mi ni." Ta ló kọ́ wọn? Wọ́n ní, "Ẹkún náà ni."

Wọn kò wo ibi tí mo wà. Wọ́n rọra yẹra fún un ni, mo rí i. Èmi náà gbé tíréè mi padà sí ilé ìdáná.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ sọ ọ́. N kò sọ ọ́.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti dá Dárà sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó ń jẹun, ó ń bèèrè bísíkíìtì. Wọ́n ní àdúrà ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó dárúkọ abẹ́rẹ́.

Gbogbo ilé ń gbààwẹ̀, ti Mọ́mì ló le jù. Ṣàṣà ni ìgbà tí n kò rí wọn kí wọ́n máa fi òróró àdúrà yọnu, kí wọ́n tu ú dànù sẹ́yìn ilé. Kásẹ́ẹ̀tì ìyìn ń ké láti òwúrọ̀. Wọn kò fẹ́ kí ilé dákẹ́ rárá. Ìfẹ́ Dárà ni, mo rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ku èmi àti Màmá ní yàrá, mo kúnlẹ̀. Mo ní màá jẹ́wọ́. Wọ́n dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú, ó dùn mí. Wọ́n ní ṣé mo ti gbàgbé Ìbíwùnmí ni. N kò gbàgbé. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa ni, ìwé ìfẹ́ lásán ni wọ́n ká mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì mú un lọ sí àgọ́ ìdáǹdè kan. Orí fífá ló gbé padà, ọwọ́ ẹ̀ ní àpá okùn. Kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá ní, "Èmi ti dàgbà, Láyọ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

Wọn kò mọ̀ pé mo mọ̀ nípa àgádágodo tí ẹbí ọkọ wọn fi ti yàrá.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Dádì ti pinnu. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa gbé Màmá padà sí Ọbáfẹ́mi. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ni wọ́n kọjú sí nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn tó pọ̀n wọ́n dàgbà rèé. Màmá ní "Ó dáa," wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Bí mo bá sọ ọ́, àgọ́. Bí n kò bá sọ ọ́ —

Orí mi. Mo fọwọ́ kàn án ṣáá, bí ẹni tí wọ́n ti ń fá a.

Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi ohunkóhun kún un.

Dádì ti wa mọ́tò jáde. Báàgì Màmá ti wà nínú bùútù. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò òróró. Mo wọlé, mo mú káàdì nínú agolo, mo kì í bọnú fóònù. Ó já bọ́ nígbà àkọ́kọ́. N kò lo íápíìsì. Mo gbé fóònù lé bónẹ́ẹ̀tì mọ́tò, mo yí ohùn ẹ̀ dókè pátápátá. Kànga.

Nígbà tó dé ibi ìkùn, Dádì yíjú sí Màmá kíá. Ẹnu Màmá pa dé. Fóònù ló ń kùn.

Mo ní, "Èmi ni, Dádì. Èmi ni mo gbé e wá láti káfè. Èmi ni mo kì í bọ̀ wọ́n létí." Mo ti dijú de ìgbátí.

Ìgbátí kò wá. Nígbà tí màá lajú, Mọ́mì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yanrìn. Wọ́n ní orin náà ti wà lẹ́nu àwọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Pé àwọn á máa fọ abọ́, àwọn á ṣàdéédéé gbọ́ ọ lẹ́nu ara àwọn. Àwọn gbààwẹ̀, àwọn fi òróró yọnu, kò lọ. Àwọn rò pé Àǹtí ti fi nǹkan sí àwọn lára ni. Ẹ̀rù ń ba àwọn kí Pásítọ̀ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn.

"Ṣé orin lásán ni, Láyọ̀?" Bí ọmọdé ni wọ́n ṣe bi mí.

Mo ní orin lásán ni, Mọ́mì. Wọ́n bú sẹ́kún. N kò rí ẹkún Mọ́mì rí. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti Kànga lọ.

Dádì sáré lọ gbé báàgì nínú bùútù. Màmá gbọ́wọ́ lé e. "Fi síbẹ̀, Mobọ́lájí." Dádì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síta, níṣojú àwọn aládùúgbò. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, a ò mọ̀ ni." Màmá kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ní orin yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n béèrè. Bàbá wa ló sọ mí. O wà níbẹ̀, o ò lè wí pé Bàbá wa ló sọ mí."

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo ní níbo ni wọ́n fẹ́ sùn, ṣebí wọ́n ti yàrá pa. Wọ́n ní kí n bi Dádì.

Dádì dìde nílẹ̀, wọ́n gbọn yanrìn ara wọn. Màmá tún ní kí wọ́n máa wà á lọ, oòrùn ń mú, Dádì sì ṣáná sí mọ́tò.

Èmi àti Mọ́mì la jọ ti géètì.