Ìlú tí Mọ́mì àti Dádì Kọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì, 2025
Arúgbó ti kú. Kọ̀ǹpútà Dádì ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ – Windows àtijọ́ tí wọ́n gbé dání láti Baytown nígbà tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ mi ní Stafford, nítòsí Houston níbí, lẹ́yìn ikú Mọ́mì. Mo tàn án láàárọ̀, ó ń dún bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìkòkò. Mo rí àwọn nǹkan inú rẹ̀ kó jáde kó tó dákẹ́ pátápátá. Ọpẹ́ ni.

Dádì ò bèèrè fọ́tò. Géèmù ni wọ́n bèèrè. "Ìlú ńkọ́?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Géèmù ìlú kíkọ́ ni. Èèyàn á la títì, á kọ́ ilé-ìwé, á kọ́ ọsibítù, á sì sọ wọ́n lórúkọ. Mọ́mì ló rà á nígbà tí mo ṣì kéré. Tí Dádì bá ti dé láti refinery lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì á jókòó tì í, wọ́n á tilẹ̀kùn. Mọ́mì á máa júwe, Dádì á máa tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọdọ̀ wọlé. Mo máa ń jowú ìlú yẹn gan-an.

Linux ló wà lórí laptop mi, kì í ṣe Windows. Mo fi Wine sí i – òun ló ń jẹ́ kí nǹkan Windows lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo tẹ géèmù. Ojú ẹ̀ ṣókùnkùn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Òkùnkùn ṣì ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo dín ojú àwòrán kù, òkùnkùn lọ. Ni Máígádì bá yọ. Orúkọ tí mo sọ àpótí kékeré yẹn nìyẹn: "Fi ojúlówó sídì sínú rẹ̀." Sídì wà nínú rẹ̀! Ojúlówó ni! Àwọn tó ṣe géèmù ló fi Máígádì síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe àdàkọ. Èmi tí mi ò jalè ló wá ń dá dúró.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Richmond ti pè, àyè ti yọ. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni Dádì máa kó lọ. Dókítà ní ìgbàgbé yìí ń yára, èmi nìkan ò lè dá a ṣe mọ́. Mo tún ṣàlàyé fún Dádì. Wọ́n ní, "Mi ò lè lọ láì yọjú sí ìlú. Ọmọ yẹn á ti máa retí wa."

Mo ní, "Dádì, èmi rèé." Wọ́n wò mí, wọ́n fọwọ́ pa mí lọ́wọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ gbàgbé ìlú náà kí n tó ṣí i.

Ọjọ́rú, 12
Paul níbi iṣẹ́ bá mi wò ó, òun náà ń lo Linux. Ó ní, "Girl, Wine thinks your CD drive is just a folder." Mo yí i padà kí Wine lè mọ̀ pé sídì ni. Máígádì àkọ́kọ́ yẹra.

Èkejì tún dúró sẹ́yìn ẹ̀. Òun ń bèèrè nọ́ńbà àti orúkọ. Nọ́ńbà wà lára páálí sídì. Orúkọ ni wàhálà: èyí tí ẹni tó rà á tẹ̀ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló ń fẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kógbá sílé. Kò sẹ́ni tí mo lè pè.

Ọjọ́bọ̀, 13
Orúkọ Dádì. Rárá. Orúkọ Mọ́mì. Rárá. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Rárá.

Mọ́mì ló rà á, àwọn ló máa ti tẹ orúkọ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mọ́mì ò sì fi ẹnu ara wọn dárúkọ Dádì rí láyé. "Ẹ gbọ́ ná" ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ilé. Mo tẹ ìyẹn náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá bú sẹ́kún.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Orí freeway ló ti sọ sí mi lọ́kàn. Irú ìyàwó bíi Mọ́mì, orúkọ àkọ́bí ló máa fi pe ọkọ ẹ̀! Èmi sì ni àkọ́bí, èmi nìkan ni wọ́n bí. Ó dá mi lójú débi pé mo kọ́kọ́ pe Dádì wá jókòó. Mo tẹ Baba Omoyeni.

Rárá. Daddy Omoyeni. Rárá.

Dádì dìde, wọ́n lọ dúró sójú fèrèsé. Mi ò lè wo ojú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo pe Àǹtí Veronica, ọ̀rẹ́ Mọ́mì láti ìgbà tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì níbí. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, kí ni Mọ́mì máa ń pe Dádì kí wọ́n tó bí mi? Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ask your daddy. Kì í ṣe ẹnu tèmi lo ti máa gbọ́ ọ." Wọ́n gé fóònù, wọn ò ṣàdúrà. Àǹtí Vero tó máa ń ṣàdúrà títí etí á fi máa gbóná!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mi ò tíì bèèrè. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ Dádì ní àárọ̀ yìí. Mọ́mì ló máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Rọra, Ìyá Pọ̀sí."

Wọ́n ti ń fi mí pe Mọ́mì tipẹ́, ìyẹn ò jọ mí lójú mọ́. Àmọ́ Pọ̀sí? Mo fi ohùn Mọ́mì bèèrè pé, "Ẹ gbọ́ ná, Pọ̀sí wo?"

"Ọlámipọ̀sí wa. Àbí ìwọ náà ti ń gbàgbé?"

Mo parí èékánná. Mo nu ẹsẹ̀ wọn gbẹ. Mo wá lọ tẹ Baba Olamiposi.

Máígádì kúrò lọ́nà.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Ọkùnrin ni, Dádì ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n bí i ṣáájú mi, kò pẹ́ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ tó fi lọ. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e lọ sin, wọn ò sọ ibẹ̀ fún Mọ́mì àti Dádì, nítorí òbí ò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ ẹ̀ sí. Nínú gbogbo Houston yìí, wọn ò ní ibì kankan tí wọ́n lè lọ bá a. "Ìyá ẹ ní ká kọ́ ibì kan." Ojú Dádì mọ́lẹ̀ kedere nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ohun tó yẹ kó nílò lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ́. Jẹ́lé-ó-sinmi Olamiposi. Pápá bọ́ọ̀lù Olamiposi. Ilé-ìwé gíga. Wọ́n la títì wá sẹ́bàá omi, wọ́n kọ́ ilé ńlá fún un níbẹ̀, ilé àgbà ọkùnrin. Inú ń bí mi pé wọn ò sọ fún mi. Mo sì ń ṣàárò ẹni tí mi ò rí rí.

Ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Wọ́n fi òdòdó yí i ká. Mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè rí orúkọ ẹ̀.

Ile Aburo.

Dádì ní, "Ṣé o rí ilé ẹ?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta
Richmond. Mo gbé laptop sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ìlú wà ní ṣíṣí. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n ní. Dádì ń wá a, wọn ò rí i. Wọ́n wò mí.

Mo ní, "Two. I'm the younger one."