Yẹ́ẹ̀rì Yínká Kò Wọ́

Ìsọlọ̀, 1976

Àǹtí Beatrice mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé ọmọdé bí èmi ń kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ara mi le. Ìsọlọ̀ dùn, ilé-iṣẹ́ tuntun ń yọ bí olú.

Ẹ rántí yẹ́ẹ̀rì ilé-ìwé àbúrò mi Yínká, tí Màmá ní ẹ rán wọ́? Ẹ má tú ìṣẹ́tí rẹ̀ mọ́; bóyá ẹ̀yìn Yínká ló wọ́. Ẹ ní kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí apá kan ẹ̀yìn náà bá ga ju èkejì lọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù nígbà tó ṣì ń dàgbà. Mo lè ṣì í o, ọdún kìíní ni mo wà ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń kọ́ wa ní ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Kì í ṣe omi tí ẹ rù ní kékeré ló tẹ ẹ̀yìn tiyín.

Ní kíláàsì, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà pẹ́ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ta ló ní irú ẹ̀yìn yìí nílé yín?"

Mo ní, "Àǹtí mi tó rán aṣọ tí mo wọ̀ yìí ni, sà." Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ẹ bá mi kí ará ilé. Ẹ má jẹ́ kí Màmá rí ìwé yìí; yóò ní kí n máa bọ̀ nílé nítorí ẹ̀yìn mi.

Ọmọ yín,
Adéfúnmiláyọ̀